Gbọ̀ngàn Àgbáyé Díìnì Strake

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ọkùnrin tí Díìnì Strake jẹ́, kí ẹ̀rín yín lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Winfield Strake ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kó dá òun lóhùn gbọ́dọ̀ kì í tán pátápátá: Dókítà Winfield Strake, Díìnì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn Ẹran ti Yunifásítì Tolliver, Olùdásílẹ̀ Àjọṣepọ̀ Àgbáyé, Afárá Láàárín Àwọn Orílẹ̀-Èdè. Oyè tó gbẹ̀yìn yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló fi dá ara rẹ̀ lọ́lá. Ṣebí aláǹgbá tó já láti orí ìrókò náà ní bẹ́nì kan ò yin òun, òun á yin ara òun. Ní Tolliver tiwa yìí, lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Nebraska, màlúù pọ̀ ju èèyàn lọ, ẹ óò sì rò pé òórùn ìgbẹ́ màlúù á máa ta díẹ̀díẹ̀ lára Díìnì ilé-ẹ̀kọ́ dókítà ẹran. Rárá o. Lọ́fíńdà ló ń ta lára tirẹ̀.

Àjọṣepọ̀ ni iṣẹ́ tí Strake yàn láàyò. Tí yunifásítì kan bá wà níbikíbi láyé tó ń kọ́ni ní ìṣègùn ẹran, Strake á wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ bá wọn, á bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, á ya fọ́tò, á gba àsíá wọn bọ̀ wálé. Àsíá mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló so kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀, ẹni tó bá ga díẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba kó tó lè kọjá. Tẹ́ ẹ bá bi í pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo rí kọ́ nínú gbogbo rẹ̀, á ní ìbéèrè yín ti kéré jù.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ọwọ́. Strake ti háyà olùkọ́ kan láti Chicago tó kọ́ ọ bí àwọn olórí ṣe ń lo ọwọ́ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Mẹ́ta ló kọ́. Ọwọ́-Ń-Gòkè, ìyẹn apá ọ̀tún tó ń dìde díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gbé oòrùn sókè. Ọwọ́-Àgbáyé, apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà Ìka-Ọ̀la, ìka kan ṣoṣo tí yóò nà sí òkè lójijì, tí gbogbo èèyàn yóò sì wo àjà láti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Kò sóhun tó wà níbẹ̀.

Igbákejì rẹ̀ ń jẹ́ Clifton Peebles. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ Peebles ni láti kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, ó sì mọ iṣẹ́ náà débi pé nígbà míì ó máa ń pàtẹ́wọ́ kí Strake tó lanu.

Ó wá di ọjọ́ kan, lẹ́tà dé láti Mongolia. Dókítà Oyuunchimeg, obìnrin tó ń darí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn ẹran kan níbẹ̀, ló kọ ọ́. Ó ní káwọn méjèèjì máa pààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́: kí tòun wá kọ́ ẹ̀rọ àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní Tolliver, kí ti Tolliver lọ bá àwọn darandaran gbé lórí pápá, kí wọ́n mọ ẹran dunjú. Ó ní òun fúnra òun ń bọ̀ wá wo bí Tolliver ṣe ń fi ẹran tó wà láàyè kọ́ àwọn ọmọ, kóun tó fọwọ́ sí i. Strake ka lẹ́tà náà títí dé ibi tí wọ́n kọ “àjọṣepọ̀” sí, ó sì pa á dé. Ó pe ìpàdé.

“Àlejò ń bọ̀!” ló kígbe. “Ibo la máa gbà wọ́n sí? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni? Ká má rí i! Mo ti rí gbọ̀ngàn kan lójú ìran. Gbọ̀ngàn Àgbáyé! Òrùlé gíláàsì! Omi tí ń rú sókè láàárín! Àti ère ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà, tí mi ò ní dárúkọ onítọ̀hún nítorí ìrẹ̀lẹ̀!”

Peebles pàtẹ́wọ́. “Sà, ẹ jẹ́ kí ère yẹn ga sí i.”

“Ó ti ga tó, Peebles. Àbí kò ga tó?”

“Bàtà rẹ̀ nìkan ló yẹ kó ga tó mi, sà.”

Gbogbo ilé mi orí. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò mi tiẹ̀, Dókítà Marit Sorley, tó ń kọ́ni ní ìtọ́jú màlúù, tí bàtà rọ́bà rẹ̀ sì ti ba kápẹ́ẹ̀tì Díìnì jẹ́ láìmọye ìgbà. “Ilẹ̀ wo lẹ fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn náà sí?” ló bi í.

“Ilẹ̀ ọgbà màlúù.”

“Àwọn màlúù ibẹ̀ ńkọ́?”

“Gbàǹjo,” ni Strake wí, bí ẹni ń ṣàdúrà. “Ọlọ́run á ràn wọ́n lọ́wọ́ níbi tí wọ́n bá bá ara wọn.”

“Díìnì, màlúù mẹ́rìnlá ni wọ́n, gbogbo wọn ló lóyún. Oṣù kẹta ni wọ́n máa bí. Ara wọn làwọn ọmọ tó fẹ́ jáde lọ́dún yìí máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí. Tẹ́ ẹ bá tà wọ́n, a máa fún ọmọ níwèé ẹ̀rí dókítà láìjẹ́ pé ó ti fọwọ́ kan màlúù tó ń rọbí rí!”

“Wọ́n ní Ìrẹ́pọ̀,” ni Strake dáhùn.

Ìrẹ́pọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, màlúù oníke ni. Strake ló rà á. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì kan nídìí rẹ̀, ọmọ oníke á yọ jáde, orin á sì máa kọ.

“Ìrẹ́pọ̀ kì í tapá,” ni Díìnì ń bá ọ̀rọ̀ lọ, “kì í jẹun, kì í yàgbẹ́, kì í kú. Kí lẹ tún ń wá lára màlúù?” Ó na Ìka-Ọ̀la. Gbogbo wọn wo àjà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù ni Tessa Brandvold, ọmọbìnrin kan tó wà ní kíláàsì tó ń jáde lọ. Ní àdúgbò tí wọ́n ti bí i, dókítà màlúù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ti darúgbó ó sì ti fẹ̀yìn tì. Nígbà ìrúwé tó kọjá, màlúù bàbá rẹ̀ kan rọbí títí, ọmọ fi ìdí wá, kò sí ẹni tó lè gbà á, àtìyá àtọmọ ló kú. Gbogbo àdúgbò náà ló ń retí Tessa. Wọ́n ti ń kọ nọ́mbà fóònù rẹ̀ sára ògiri. Ọmọ náà lọ bá Díìnì ní ọ́fíìsì, ó bẹ̀ ẹ́.

“Sà, ẹ dákun. Àwọn èèyàn mi rò pé dókítà ni mò ń bọ̀ wá jẹ́. Mi ò tíì gba ọmọ màlúù rí láyé mi. Tí wọ́n bá pè mí lọ́jọ́ kan ńkọ́?”

“Ọmọ mi,” ni Strake wí, Ọwọ́-Ń-Gòkè sì ń gòkè, “má fojú kéré ara ẹ. Ará Àgbáyé ni ẹ́.”

Tessa jáde síta, ó sì sunkún lẹ́yìn àsíá Uruguay.

Ọjọ́ tí àlejò dé ni wọ́n kó màlúù lọ sọ́jà gbàǹjo. Strake ló mú ọjọ́ náà, kí Dókítà Oyuunchimeg má baà tẹ ìgbẹ́. Obìnrin kúkúrú kan ló bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó bọ Díìnì lọ́wọ́, ó sì kí i bí wọ́n ṣe ń kíra wọn nílé rẹ̀.

“Ṣé ẹran yín sanra dáadáa? Ṣé ara wọ́n le?”

“Ẹran?” Strake rẹ́rìn-ín ọlá. “Dókítà mi, àwa ti kọjá ẹran!”

Peebles pàtẹ́wọ́. Àlejò wo ojú Peebles, ó wo ojú Strake. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ Ìrẹ́pọ̀. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó kan án lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń dún gbọn-gbọn.

“Èyí dáa fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀,” ló wí. “Àwọn tó ń mí dà?”

“Wọ́n ti kó wọn lọ sọ́jà gbàǹ...” ni Peebles bẹ̀rẹ̀. Strake tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Wọ́n lọ sáàárín ìlú!” ni Díìnì kígbe. “A máa ń jẹ́ kí màlúù wa bá ará ìlú pàdé! Àjọṣepọ̀ ni!”

“Ó dáa,” ni àlejò wí. “Ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn níbẹ̀. Láìjẹ́ pé mo rí wọn, mi ò lè fọwọ́ sí nǹkan kan.”

Ẹ wá wo bí ayé ṣe ń dàrú mọ́ni lọ́wọ́. Winfield Strake ti pé ogún ọdún ní Tolliver, kò dé ọjà gbàǹjo rí. Gbogbo wa yòókù, ibẹ̀ la dàgbà sí. Ibẹ̀ la ti ń mu ọbẹ̀ ẹ̀wà ẹlẹ́ran tí à ń pè ní ṣílì pẹ̀lú búrẹ́dì dídùn, ibẹ̀ la sì ti ń kọ́ ọmọ wa pé kí wọ́n fi ọwọ́ sábẹ́ itan tí alágbàǹjo bá ti ń sọ̀rọ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin tó wà nídìí tábìlì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ nọ́mbà.

Peebles bínú. Ó rí àwọn darandaran tí wọ́n fi káàdì nọ́mbà sápò àyà. “Ṣé àwọn wọ̀nyí á ní nọ́mbà, kí Díìnì máà ní? Ẹ fún un ní nọ́mbà kìíní!”

“Nọ́mbà kìíní, ti Ìyá Kellner ni láti ọjọ́ pípẹ́,” ni obìnrin náà wí. Ardith Kellner nìyẹn, ìyá àgbà tó ní màlúù lọ súà, tó tún jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso Yunifásítì Tolliver. Ó ti jókòó sípò rẹ̀, ó ń tayín. “Ọ̀ọ́dúnrún-lé-méjì ló kù. Ta ló máa sanwó bó bá ra nǹkan?” ni obìnrin ìdí tábìlì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

“Ẹ kọ àpò Gbọ̀ngàn Àgbáyé síbẹ̀,” ni Peebles wí, ó sì fọwọ́ sí i fàà láìkà á. Ó lẹ nọ́mbà náà mọ́ ọ̀gá rẹ̀ láyà. “Sà, bí nọ́mbà bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni ọlá ṣe tóbi tó.” Strake na àyà, ó sì lọ jókòó sí ìlà iwájú, níbi tí àwọn tó ń rà máa ń jókòó.

Verl Hutchens ni alágbàǹjo wa. Ẹnu rẹ̀ yá, owó á máa jáde lẹ́nu rẹ̀ wàrà-wàrà bí ẹni ń kọrin. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì dúró nínú ọgbà, bí wọ́n bá rí ẹni tó gbé ọwọ́ sókè láti fowó lé e, wọ́n á kígbe “Hẹ́p!” Lókè lọ́hùn-ún, Dókítà Sorley àti Tessa jókòó. Wọ́n wá dágbére fún màlúù wọn ni. Ọkùnrin tó ń rà fún ilé ìpẹran wà nísàlẹ̀, ó ti mú pẹ́ńsù jáde, gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé tí wọ́n bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni yẹn, ó tán.

Ilẹ̀kùn ṣí. Màlúù àkọ́kọ́ wọlé, ikùn rẹ̀ kún. Verl bẹ̀rẹ̀ orin. Strake yíjú sí àlejò rẹ̀, ó sì dìde dúró.

“Dókítà Oyuunchimeg! Ẹ wo ẹ̀dá àgbàyanu yìí!” Ọwọ́-Ń-Gòkè gòkè.

“Hẹ́p!”

Strake tẹrí ba fún àwọn èèyàn. “Ẹ ṣé, ẹ ṣé. Láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ Tolliver dé pápá Mongolia!” Ọwọ́-Àgbáyé.

“Hẹ́p! Hẹ́p!”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin yìí rò pé wọ́n ń yìn ín! Kò tíì rí àwùjọ tó mọyì ọ̀rọ̀ òun báyìí rí. Ọkùnrin ilé ìpẹran fi díẹ̀ kún un, Strake na Ìka-Ọ̀la, wọ́n tún kígbe. “Ó ti di ti ọ̀ọ́dúnrún-lé-méjì!” ni Verl wí, ó lu igi, màlúù kejì wọlé.

Lókè, Tessa di apá olùkọ́ rẹ̀ mú. “Dókítà, mà, ṣé ó mọ ohun tó ń ṣe?”

“Pa ẹnu ẹ dé, Tessa,” ni Sorley wí wúyẹ́-wúyẹ́. “Má tiẹ̀ wúkọ́.”

Nígbà tó máa fi di màlúù karùn-ún, ojú Peebles là. Òógùn bò ó. “Sà! Ọwọ́, sà! Ọwọ́ yín!”

“Mo mọ̀, Peebles. Ó ń wu gbogbo wọn.”

Peebles rọ̀ mọ́ apá ọ̀tún rẹ̀. Ìlara ni Strake pe èyí, ó sì gbé apá òsì sókè. “Hẹ́p!” Ọkùnrin ilé ìpẹran ti pẹ́ńsù rẹ̀ bọ àpò padà. “Mi ò lè bá wèrè du màlúù,” ló wí, ó lọ jẹ páì rẹ̀ níta.

Bẹ́ẹ̀ ni màlúù ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan títí mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá fi tán, Strake ló ni gbogbo wọn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì tán, àti pé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ parí ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń le jù. Kó tó dé gbólóhùn ìkẹyìn, ó ti ra ìbaaka tí ojú rẹ̀ fọ́, òbúkọ mẹ́fà, àti ẹran ọlọ́rùn gígùn kan tí wọ́n ń pè ní lámà, tó tutọ́ sí Peebles lójú bó ṣe ń kọjá.

Wọ́n mú bébà ìsanwó wá fún un. Strake rò pé ìwé ìyìn ni, ó gbà á tìdùnnú-tìdùnnú. Ó kà á. Ojú rẹ̀ funfun báláú.

“Kí lèyí?”

“Ẹran yín ni, sà,” ni Verl wí láti orí pèpéle.

“Ọ̀rọ̀ ni mò ń sọ! Èmi ò ra nǹkan kan!”

“Níbí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, Díìnì. Nígbà ayé bàbá mi, bàbá kan họ etí nínú ilé yìí, ó ra akọ màlúù. Ó sì fà á lọ sílé, kò ráhùn.”

“Owó gbọ̀ngàn!” ni Peebles bú sẹ́kún. “Òrùlé gíláàsì! Yéè, ère!”

Ìyá Kellner yọ igi ìtayín lẹ́nu. “Gbọ̀ngàn wo nìyẹn? Ìgbìmọ̀ ò gbọ́ nípa gbọ̀ngàn kankan. Winfield, àwọn màlúù ta ni ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà yìí?”

“Ti... ti yunifásítì, mà.”

“Ta ló ń tà wọ́n?”

“Yunifásítì, mà.”

“Ìwọ sì wá fowó yunifásítì rà wọ́n padà.” Ìyá àgbà náà ronú sí i díẹ̀. “Ó dáa. Tó ò bá fẹ́ rà wọ́n, kò le. Dìde, kó o sọ fún gbogbo ilé yìí pé gbogbo ọwọ́ tó ò ń gbé sókè látàárọ̀, kò nítumọ̀ kankan. Verl á gbà fún ẹ.”

Àǹfààní ńlá nìyẹn o. Ọ̀rọ̀ kékeré báyìí ni ìbá yọ ọ́. Strake la ẹnu. Tessa, lókè, kò lè wò ó mọ́, ó fi ọwọ́ bojú, torí ẹ̀mí màlúù mẹ́rìnlá àti iṣẹ́ tó ń lọ ṣe nílé wà lẹ́nu ọkùnrin yẹn. Ìgbà náà ni Dókítà Oyuunchimeg dìde.

“Mo ti bá Díìnì púpọ̀ pàdé,” ló wí. “Ilé ni gbogbo wọ́n ń kọ́. Ẹni àkọ́kọ́ tí màá rí tó fowó ilé ra màlúù fáwọn ọmọ níṣojú mi nìyí. Ẹ mú ìwé wá, kí n fọwọ́ sí i.”

Ilé ya lu pàtẹ́wọ́. Àwọn darandaran ju fìlà sókè. Ẹ̀yin náà ti mọ ọkùnrin yìí báyìí: tí wọ́n bá ní kó yàn láàárín òtítọ́ àti pàtẹ́wọ́, ṣé ẹ nílò kí n sọ èyí tó mú? Ó pa ẹnu dé. Ó gbé apá méjèèjì sókè. “Hẹ́p!” ni ọmọ iṣẹ́ Verl kígbe, Strake sì tún ra àgbá ìmumi kan tó ti jò.

Ìgbìmọ̀ jókòó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Strake bá wọn sọ̀rọ̀ títí omi fi tán nínú jọ́ọ̀gì, wọ́n sì yọ ọ́ nípò kó tó dé ìdajì. Peebles ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún Díìnì tuntun. Nínú àwọn yunifásítì wa, wọn kì í lé Díìnì tó bá ṣubú lọ sílé. Ńṣe ló máa ń padà sẹ́nu iṣẹ́ ìkọ́ni tí wọ́n torí rẹ̀ gbà á níjọ́sí. Wọ́n wá wò ó, wọ́n rí i pé ìgbẹ̀bí màlúù ni wọ́n torí rẹ̀ gba Winfield Strake. Èyí bà á lẹ́rù ju ìyọnípò lọ, torí inú ìwé nìkan ló ti kà nípa rẹ̀. Dókítà Sorley fún un ní bàtà rọ́bà.

Oṣù kẹta dé pẹ̀lú yìnyín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Mongolia ti wà nínú ọgbà pẹ̀lú àwọn tiwa. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan màlúù kan bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, kò sì lọ bó ṣe yẹ. Sorley wà níbòmíì lórí ìpè pàjáwìrì. Strake nìkan ni olùkọ́ tó wà nílé. Tessa bọ́ ẹ̀wù, ó ti apá bọ̀ ọ́ dé èjìká, ojú rẹ̀ sì yí padà.

“Ìdí ló fi ń bọ̀. Ìrù ni mò ń fọwọ́ bà.” Bí màlúù bàbá rẹ̀ ṣe kú nìyẹn. “Prófẹ́sọ̀, kí ni kí n ṣe?”

Gbogbo ọmọ wo ẹnu Strake.

“Mi ò mọ̀,” ló wí. “Tessa, mi ò mọ̀ ọ́n.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tessa pa ojú dé, ó ti ọmọ náà padà sínú díẹ̀díẹ̀ bí Sorley ṣe kọ́ ọ lára àwọn tó ti bí ṣáájú, ó wá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan, ó ká a, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo pátákò rẹ̀ kó má baà ya ilé ọmọ, ó fà á wá. Ó wá èkejì. Ọmọ Mongolia kan di ẹsẹ̀ mú pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n jọ fà á, ó sì bọ́ sórí koríko gbígbẹ lẹ́ẹ̀kan náà, kò mí. Tessa fi koríko rin ín nímú. Ó sín. Ó mí. Ìyá rẹ̀ sì yíjú sí i, ó ń dún.

Tessa jókòó sínú ìgbẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Strake súnmọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo ọmọ màlúù náà pẹ́.

“Ṣé bí wọ́n ṣe máa ń tutù rìn-rìn báyìí nìyí tí wọ́n bá bí wọn?” ló béèrè.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ni Tessa wí. Ó ju àpò gbígbẹ kan sí i. “Ẹ bá mi nù ún, kí òtútù má pa á.”

Ó sì nù ún.